Owó Ọkọ̀ Ẹni Méjì

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ìlera ọpọlọ níbi ìpàdé oṣù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò kan ní Ìbàdàn nìyí. Mo tún un tò díẹ̀, torí ohun tó dùn lẹ́nu kì í fìgbà gbogbo dùn lójú ìwé.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, mo júbà. Mo mọ̀ pé ọ̀sán Sátidé ni oníbàárà máa ń wá gba aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ròde, nítorí náà wákàtí tí ẹ yọ̀ǹda fún mi yìí, owó ni. N ò ní fi ìkíni jẹ ẹ́ tán.

Wẹ́dà ni bàbá mi. Ìyá kan wà tó ń gba àjọ ní òpópónà wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ẹ ó rí i tó ń bọ̀, báàgì aláwọ kan lápá, káàdì tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ìṣirò rẹ̀: ohun tí o bá dá lójoojúmọ́, yóò kó o fún ọ lópin oṣù, yóò sì yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò sí. Lọ́jọ́ kẹta kò wulẹ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ilé wa ló gbà wá tààrà. Màmá mi sọ fún un pé orí ló ń fọ́ ọkọ òun. Ó ní, "Orí wo ló ń fọ́ èèyàn fún ọjọ́ mẹ́ta tí kò lè ní kí ọmọọṣẹ́ lọ ṣílẹ̀kùn?" Ó fa àpótí kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Bàbá Bísí, owó kọ́ ni mo bá wá o."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bàbá mi gba iṣẹ́ géètì àti irin ojú fèrèsé ilé ńlá kan. Ó yá owó ra irin. Ó ṣiṣẹ́ náà tán, onílé ní kó padà wá lọ́la, ọ̀la sì di oṣù mẹ́ta. Ẹni tó yá a lówó kò ní sùúrù oṣù mẹ́ta. Bàbá mi ò rí oorun sùn mọ́, oúnjẹ ò wọlé, ó kàn ń wo àjà. A ti gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. A ti po àgbo. Ìyá alájọ yìí ló kọ́kọ́ dárúkọ ilé ìwòsàn. Nígbà tí màmá mi ní kò sówó ọkọ̀, ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó ní, "Èyí kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni o. Owó ọjọ́ kan tèmi ni."

Ó tó oṣù mẹ́rin kí bàbá mi tó padà sídìí iṣẹ́. Kò fẹ́ kí a máa sọ ọ́ rárá nígbà ayé rẹ̀. Ó ti di olóògbé báyìí, ọjọ́ ogbó ló mú un lọ, mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá mi kí n tó gbé e wá síbí. Ó ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ yìí wá, ohun kan ló ń yà mí lẹ́nu nínú ìtàn náà. Kì í ṣe dókítà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe bàbá mi, kì í sì í ṣe wòlíì. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Nínú gbogbo ìlú yìí, ta ló tún máa ń dé ṣọ́ọ̀bù yín lójoojúmọ́, tó ń wo ojú yín, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá wà àti bí ẹ ò bá sí? Alájọ nìkan ni. Ẹ ní ẹ̀ṣọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Bí mo bá bèèrè báyìí pé ta ló ní àìsàn ọpọlọ nínú wa, gbogbo yín lẹ máa wẹ̀yìn wò pé ta ni wọ́n ń bá wí. Ẹ rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ta ni nǹkan ń rìn lórí rẹ̀ bí èèrà, tí etí rẹ̀ ń hó, tí àyà rẹ̀ ń já, tí oorun ò kùn ún, ọwọ́ á lọ sókè. Àwọn bàbá wa ní orúkọ fún un: ọdẹ orí. Ní 1987, dókítà ọpọlọ kan, R. O. A. Makanjuola, kọ̀wé nípa ọdẹ orí yìí fún àwọn oníṣègùn ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ráhùn pé ọdẹ orí ń da àwọn láàmú, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn tó ti kọjá àlà ló ń bá wọn fínra. Ara ni wọ́n fi ń sọ ohun tó wà lọ́kàn. Ní Zimbabwe, àwọn Shona ń pè é ní kufungisisa, ìyẹn ni ríronú jù. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ tó ní "ìrònú fẹ́ pa mí", má ṣe rò pé àsọdùn ni. Àìsàn ló ń sọ fún ọ, ní èdè tí ìwọ náà gbọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ sì ní ẹrù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí olùkọ́ bá ṣàìsàn ọ̀sẹ̀ méjì, owó oṣù rẹ̀ lè pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Bí télọ̀ bá ṣàìsàn ọ̀sẹ̀ méjì kí Iléyá tó dé, ọdún yẹn ti lọ nìyẹn, àwọn oníbàárà tó sì fi aṣọ ọdún sílẹ̀ láìrán, wọn kì í padà wá. Ẹ tún wo ọgbọ́n tí gbogbo wa ń dá: owó àsansílẹ̀ oníbàárà kejì la fi ń parí iṣẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́, a ó wá máa retí ẹnì kẹta kó wá gba ẹnì kejì là. Ẹ̀yin kápẹ́ńtà ẹ má wo télọ̀, bákan náà ni. Bó bá ń yí, ó ń yí. Ọjọ́ tí ẹnì kẹta ò bá wá, ibẹ̀ ni orí ti ń gbóná.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà epo tó wà ní nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ránṣọ, tó ti dá iye lé aṣọ kí owó epo tó fò sókè, báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún oníbàárà? Ibẹ̀ ni ẹ̀yáwó orí fóònù ti wọlé tọ̀ wá. Ká tó pajú pẹ́, owó ti wọlé. Ọjọ́ tí sísan bá yẹ̀, wọ́n á kó gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àna rẹ, sí ìmáàmù rẹ, sí oníbàárà rẹ, pé olè ni ọ́.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá òwe wa kan jà, kí àwọn àgbà má bínú. Ikú yá ju ẹ̀sín. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin mẹ́ta lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ owó ló sì gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta débẹ̀. Tèmi ni pé àwọn tó pa òwe yẹn ń sọ̀rọ̀ ẹni tó dalẹ̀ ìlú, tó ta ará ilé rẹ̀. Gbèsè ₦40,000 kì í ṣe ẹ̀sín. Gbèsè ni. Aṣọ tí a ò tíì rán tán, gbèsè ni. Géètì tí kò dúró dáadáa, àtúnṣe ló fẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ń pa òwe yẹn ní àpatúnpa, tàbí tó ń pín irinṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọọṣẹ́ bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò, ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé bíbéèrè á fi í sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ti bi ló mí kanlẹ̀ pé ẹnì kan bèèrè. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan títí ẹ ó fi mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Òfin náà wà lára ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn máa bò ó. Abala 327 nínú Criminal Code, ìwé òfin ọ̀ràn dídá, sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Ìpínlẹ̀ Èkó ti yí tiwọn padà, ilé ìwòsàn ni òfin wọn ní kí adájọ́ fi ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ní oṣù Kìíní 2023, Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin 1958 tí orúkọ rẹ̀ pàápàá ń pe aláìsàn ní wèrè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin ò ní wá kanlẹ̀kùn rẹ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Àwọn dókítà ọpọlọ Nàìjíríà fúnra wọn ń sọ pé àwọn ò tó 300, fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Bí a bá ní ká dúró de dókítà, a ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Abẹ́òkúta ní 1954. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ọpọlọ dé láti ìlú òyìnbó, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro tó fẹ́ lò kò tíì kọ́ tán. Kò jókòó kó máa dúró de bíríkìlà. (Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ má bínú.) Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Aro ká, wọ́n yá àwọn aláìsàn ní yàrá, wọ́n sì ń gba owó ilé. Aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú lójú ọjọ́, á padà sí abúlé nírọ̀lẹ́, láàárín àwọn tó ń lọ sóko tó ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀ ni èyí: ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa gbé pẹ̀lú rẹ̀, kó máa se oúnjẹ fún un. Gbogbo ayé wá wo ètò yìí. Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé lẹ́yìn náà. Orí oko ẹ̀gẹ́ Ẹ̀gbá ni ìmọ̀ náà ti hù.

Ó wá ku owó.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ahun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wá bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni akọ̀wé ti ń pe ìpè. A ó ra aṣọ, a ó háyà bọ́ọ̀sì, a ó dáwó fún opó. Mo bi akápò yín lánàá pé èló lẹ ná níbi ìsìnkú tó kọjá. Ó sọ fún mi. N ò ní dárúkọ iye náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń wolẹ̀. Mo wá bi í pé èló lẹ ná lórí ọ̀gbẹ́ni yẹn nígbà tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ronú títí, ó ní, "A gbé ọsàn lọ."

Ọgọ́ta lẹ wà nínú ìwé. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá dá ₦200 lọ́sẹ̀ sínú àpò ìlera kan, ₦12,000 ni. Láàárín ọdún kan, ó di ₦624,000. Kò lè kọ́ ilé ìwòsàn, kò sì sẹ́ni tó ní kó kọ́ ọ. Ó lè gbé èèyàn lọ kó sì gbé e bọ̀. Ó lè gba káàdì, ó lè ra oògùn ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún lè fún ìyàwó rẹ̀ lówó ọbẹ̀ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì, èyí gan-an ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ni a máa ń fò.

Nígbà tí bàbá mi dùbúlẹ̀, màmá mi ń ta ẹ̀wà àgànyìn. Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, a jẹ owó ọjà rẹ̀ tán. Nígbà tí bàbá mi fi dìde, màmá mi ló kù tí kò rí oorun sùn, kò sì sẹ́ni tó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ọmọọṣẹ́ bàbá mi náà tú ká. Ọ̀kan ti ṣe ọdún méjì àti oṣù méje nínú ọdún mẹ́ta tó yẹ kó fi kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá ibòmíràn ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gba fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ títí di òní. Mo rí i ní Mọ́kọ́lá lọ́dún tó kọjá, ọ̀kadà ló ń gùn. Bí ẹnì kan bá ṣubú nínú iṣẹ́ wa, ó kéré tán èèyàn mẹ́fà ló ń bá a ṣubú. Nítorí náà, bí ẹ bá dá àpò yìí sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ìyàwó, ọkọ, àwọn ọmọ àti ọmọọṣẹ́ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ìyàwó kápẹ́ńtà ló nílò rẹ̀ tí kápẹ́ńtà fúnra rẹ̀ le bí igi ìrókò, ẹ fún un.

Àwọn kan ti ṣe irú ẹ̀ níbòmíràn. Ní Brisbane, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, kápẹ́ńtà méjì, Daniel Allen àti Edward Ross, pàdánù ọ̀rẹ́ wọn kan tó pa ara rẹ̀. Ní 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní TradeMutt. Aṣọ náà kún fún àwọ̀ bí ọjà Gbági, kí ẹni tó bá rí i lára rẹ lè bèèrè pé irú aṣọ wo nìyí, kí ọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Ní 2020, wọ́n dá TIACS sílẹ̀: òṣìṣẹ́ tàbí ará ilé rẹ̀ lè pè, tàbí kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kó sì bá agbaninímọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ sọ̀rọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Èrè aṣọ wà lára ohun tó ń gbé e ró. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Aṣọ ẹgbẹ́ nìyẹn! Ta ló wá mọ aṣọ ẹgbẹ́ tó wa? Bí ẹ bá ra ànkárá ọdún yìí, kí ẹ fi ₦500 lé orí rẹ̀ fún àpò ìlera, ta ló máa mọ̀ ọ́n lára?

Ta ni yóò wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́? Ní Harare, olú ìlú Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, pàdánù aláìsàn rẹ̀ kan. Ọmọbìnrin yẹn mọ̀ pé ó yẹ kí òun wá sí ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ náà mọ̀. Owó ọkọ̀ ni wọn ò ní. Ohun tó gbà á lọ́kàn nìyẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò Friendship Bench ní 2006, pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà 14 ní àdúgbò Mbare. Orí bẹ́ǹṣì igi níta ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á sì bá ọ mú ìṣòro kan ṣoṣo nínú ọ̀pọ̀ ìṣòro rẹ, ẹ ó jọ wá ohun tí o lè ṣe sí i kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n fi ìwádìí tó péye yẹ̀ ẹ́ wò, èsì rẹ̀ jáde ní 2016: ara àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Lomé, olú ìlú Tógò, àjọ kan tó ń jẹ́ BlueMind Foundation ti ń kọ́ àwọn onídìrí bí wọ́n ṣe lè fetí sílẹ̀ kí wọ́n sì mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n darí sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ẹ̀yin onídìrí tó wà níbí, ẹ ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ látọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin ń sọ nígbà tí orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún yín, kò sọ ọ́ fún pásítọ̀.

Gbígbọ́ nìkan ò tó fún gbogbo ẹ̀ ṣá. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ẹni tó ń sáré kiri lóru, ẹni tí ikú ti ń wù, ilé ìwòsàn ni, kíákíá. N ò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣíwájú rẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, tó jáde ní 2020, fi hàn pé níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń bá àwọn wòlíì àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí aláìsàn kan náà, ara aláìsàn ń yá ju ibi tí wọn ò ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì wọkọ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìbéèrè tó kọ́kọ́ wá ni ti àṣírí. Télọ̀ kan dìde, ó ní bí òun bá gba owó nínú àpò yìí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni gbogbo Bẹ́ẹ̀rẹ̀ á ti mọ̀. Kò purọ́. Mo sọ fún un pé kí wọ́n ṣe é bíi káàdì àjọ, nọ́ńbà ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe orúkọ. Kí ìyá ẹgbẹ́ nìkan mọ ẹni tó ni nọ́ńbà, kí akápò mọ iye tó jáde. Ẹnì kan ní ìyá ẹgbẹ́ náà lẹ́nu. Ìyá ẹgbẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun mọ ìgbà tí òun ń pa á dé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Bíríkìlà kan tó jókòó lẹ́yìn wá ní, bí ẹnì kan bá gba owó ọkọ̀ tí kò lọ ńkọ́? Tó bá fi mu ọtí?

Mo ní ó lè fi mu ọtí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó dá lọ. Mo rán wọn létí Aro, pé Lambo kì í gba aláìsàn láìsí ẹbí. Mo ní kí wọ́n yan ẹni tó máa bá a wọkọ̀, tó máa jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìlà, tó máa bá a gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, torí orí tó ń gbóná kì í gbọ́ ìtọ́ni oògùn lẹ́ẹ̀kan.

Akápò ní, "Ìyẹn ni pé owó ọkọ̀ á di méjì."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà tuntun kan, ó sì kọ ọ́ sókè ibẹ̀: owó ọkọ̀, ẹni méjì, àlọ àti àbọ̀.